Nítorí Ẹgbẹ́ Rọ́bọ́ọ̀tì Tí O Dá Sílẹ̀ ní Mpape

Jikwoyi,
Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú.

Àjọkẹ́ mi, ọmọ tí mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà,

Ṣé dáadáa ni o jí? Ṣé ara ń le níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n kó ẹ̀yin olùkọ́ lọ? Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Wọ́n ń ká aṣọ lórí okùn lẹ́yìnkùlé báyìí nítorí pé òjò ti ṣú, wọ́n sì ń kùn pé èmi jókòó pa, mò ń kọ̀wé bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò.

Mo mọ̀ pé o máa bi mí pé kí ló dé tí n kò fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù bí mo ti máa ń ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí ti gùn jù fún ìyẹn. Ohùn orí fóònù, èèyàn á gbọ́ ọ tán, á di afẹ́fẹ́. Èyí tí a bá kọ sílẹ̀, wàá lè padà sí i lọ́jọ́ tí nǹkan bá tún sú ọ. Má sì sọ fún mi pé Yorùbá rẹ kò dá múṣé. Inú ilé yìí ni mo ti kọ́ ọ ní a-bí-dí, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ níta ń fi Haúsá àti Pijin ṣeré. Kà á jẹ́jẹ́. Ibi tí kò bá yé ọ, bàbá rẹ ni kí o pè, má pe èmi, inú á bí mi.

Àjọkẹ́, ẹkún tí o sun fún mi lórí fóònù lọ́jọ́ náà kò tíì kúrò létí mi. O ní pirinsípà yín ní Mpape sọ pé bí ẹgbẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì kò bá gba ife ẹ̀yẹ kankan wálé kí táàmù yìí tó parí, àwọn á gba yàrá náà padà, àwọn á kó àga tó ti bàjẹ́ sí i. O ní Hauwa, ọmọbìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù nínú wọn, kò wá mọ́, pé ìyá ìyá rẹ̀ tó ń tọ́ ọ, tó ń ta kúnú, ti fòfin dè é. Lẹ́yìn náà ni o wá sọ èyí tó wọ̀ mí lára jù. O ní bóyá kí o kúkú fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, kí o lọ gba iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí ọ̀rẹ́ rẹ ń pè ọ́ sí ní Èkó.

N kò dá ọ lóhùn nígbà náà. Ẹni tó ń sunkún kì í gbọ́ ìmọ̀ràn. Omijé ti gbẹ báyìí, nítorí náà jẹ́ kí n sọ tèmi.

Èkíní. Rántí irú ọmọ tí o jẹ́. Láti kíláàsì kékeré ni ohun kan náà ti ń jáde lẹ́nu gbogbo olùkọ́ rẹ: ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ó mọ̀wé, ṣùgbọ́n kì í sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá pè ọ́ dìde pé kí o dáhùn, wàá máa wo bàtà rẹ. Nílé pàápàá, bí àlejò bá wọlé, wàá ti wọ yàrá. Inú mi máa ń dùn sí i nígbà náà. Mo ń rò pé mo ti bí ọmọ tó ní ìtẹríba. Ibi tí mo ti kọ́ ìròkurò yẹn ni mo fẹ́ sọ fún ọ, nítorí pé o kò gbọ́ ọ rí.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Ìlọrin, bí òwú bá ń já lẹ́nu máṣíìnì, ọ̀gá wa á ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá béèrè ohun tó fà á, wọ́n á ní ó ti fẹ́ di ọ̀gá. Èmi kì í béèrè. Èmi ni wọ́n máa ń fi yangàn fún àwọn yòókù: “Ẹ ò rí i bó ṣe jẹ́jẹ́!” Nígbà tí mo gba òmìnira tí mo dá ṣọ́ọ̀bù tèmi, gbogbo ohun tó bá ṣe máṣíìnì mi, bó ti wù ó kéré tó, orí ni mo fi ń rù ú lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe. Ojúmọ́ á mọ́, ilẹ̀ á ṣú, àwọn oníbàárà á máa dúró. Ẹ̀rù ni mo ń bà, Àjọkẹ́, mo wá ń pe ẹ̀rù ní ìwà pẹ̀lẹ́. Má jẹ́ kí wọ́n fi irú ìyìn bẹ́ẹ̀ tan ọmọ kankan jẹ lójú rẹ.

Nígbà tí ìwọ fúnra rẹ ṣì wà nílé ìwé, tí Tíṣà Dáúdà, olùkọ́ yín, ránṣẹ́ pe àwa òbí pé òun fẹ́ dá ẹgbẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì sílẹ̀ nílé ìwé yín, kí ni èmi mọ̀? Mo bi bàbá rẹ pé kí ló ń jẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì, wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń ṣe bí èèyàn ni. Mo ní àwọn èèyàn gan-an tí Ọlọ́run dá, ṣé wọ́n ti tán ni? Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n buwọ́ lùwé. Yàrá tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí ni wọ́n fún yín. Páálí, ìdérí ìgò, bátìrì, mọ́tò kéékèèké tí ẹ tú lára ohun ìṣeré tó ti kú, àti kọ̀ǹpútà kan tó máa ń gbóná bí áyọ́ọ̀nù. Ẹ̀yin mẹ́ta ni wọ́n pa pọ̀: ìwọ, Ene ọmọ ará Benue, àti Nuhu.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ti ṣọ́ọ̀bù wọlé, mo bá ọ lórí ilẹ̀ pálọ̀, o ti tú máṣíìnì mi tó wà nílé palẹ̀. Máṣíìnì tí aṣọ ìyàwó ẹlòmíì wà lẹ́nu rẹ̀! Mo pariwo débi pé aládùúgbò wa yọjú lórí odi. Ìwọ kò sá. O ní, “Mọ́mì, mo fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ́ kí òwú máa já ni.” Mo ní kí o dá a padà bó ṣe wà. O dá a padà, ìdè irin kékeré kan ṣẹ́kù sórí ẹní. Mo di orí mú. O wo ìdè náà, o wò mí, o ní, “Mo mọ ibi tó ti wá. Mi ò kàn mọ ìgbà tí mo fò ó ni.” O tún gbogbo rẹ̀ tú láti ìbẹ̀rẹ̀, o tún un tò. Èérí òwú tó ti di bí òwú àkísà lábẹ́ abẹ́rẹ́ ni o gbá jáde nígbà kejì yìí, èyí tí o kò rí nígbà àkọ́kọ́. Máṣíìnì náà rán.

Kì í ṣe rírán tó rán ló yà mí lẹ́nu. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé o tún un tú. Ọmọ mi tó jẹ́ pé bó bá ṣi ìṣirò kan, á fa ìwé ya, á sì kọ oúnjẹ! Ta ló kọ́ ọ pé èèyàn lè ṣi nǹkan ṣe kó sì padà sídìí rẹ̀ láìsunkún? Yàrá ìgbálẹ̀ yẹn ni.

Èkejì. Má jẹ́ kí ife ẹ̀yẹ di ọ̀gá rẹ. Ìwọ fúnra rẹ kò gba ọ̀kan rí, ṣé o ti gbàgbé ni? Ọjọ́ ìdíje yẹn, bàbá rẹ àti èmi jókòó lẹ́yìn pátápátá nínú gbọ̀ngàn ńlá náà láàárín ìlú. Ọkọ̀ kékeré tí ẹ fi páálí kàn yóò máa tọ ilà dúdú tí wọ́n fà sílẹ̀, yóò sì ju bọ́ọ̀lù sínú abọ́ kan ní òpin ilà. Nílé ìwé, ó ń tọ̀ ọ́ bí ọmọ tó ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀. Bí ẹ ti gbé e kalẹ̀ níbẹ̀, ó kúrò lórí ilà, ó ń pòyì lójú kan. Àwọn ọmọ ilé ìwé mìíràn bú sẹ́rìn-ín. Ene bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Nuhu dorí kodò. Obìnrin kan tó wọ gíláàsì láàárín àwọn onídàájọ́ bi yín pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Mo ń wò ọ́ látẹ̀yìn, o ń wo bàtà rẹ. Mo sọ nínú mi pé, “Ọlọ́run Aláàánú, má jẹ́ kójú tì í.” Mo ti ń wá báàgì mi kí n lè wá mú ọ. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn kan, n kò tilẹ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé tìrẹ ni.

O ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, iná ibí yìí mọ́lẹ̀ ju ti yàrá wa lọ. Ojú tí ọkọ̀ yìí fi ń wo ilà dúdú, ìmọ́lẹ̀ ti bò ó. Yàrá wa ṣókùnkùn, ibẹ̀ la sì ti kọ́ ọ. Bí ẹ bá fún wa láyè, a ó ṣe ìbòrí fún un.”

Obìnrin náà ní kí ẹ ṣe é. Ẹ gé páálí jíùsì, ẹ fi bo ojú rẹ̀ bí ẹni dé fìlà fún ọmọ tuntun. Ọkọ̀ náà gbéra. Ó tọ ilà, ó yà síhìn-ín, ó yà sọ́hùn-ún, ó dé kọ́nà tó gbẹ̀yìn, bátìrì kú. Wọn kò fún yín ní nǹkan kan lọ́jọ́ náà ju omi inú ọ̀rá lọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti wọ mọ́tò títí a fi kọjá Nyanya, ẹnu rẹ kò dákẹ́. “Ṣé ẹ rí i bó ṣe yà? Dádì, ṣé ẹ rí i? Ká ní a gbé bátìrì kejì dání ni!” Bàbá rẹ tó ń wakọ̀ wò mí, mo wo bàbá rẹ. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú àwa méjèèjì, a kò fẹ́ kí o dákẹ́.

Nítorí náà, bí o bá dé, lọ bá pirinsípà yín. Má bá wọn jà, má sì fi ojú ẹni tó kàwé púpọ̀ wò wọ́n. Àwọn náà ní àwọn tó ń béèrè èrè lọ́wọ́ wọn. Sọ fún wọn pé kí wọ́n fi wákàtí kan ta yín lọ́rẹ, kí wọ́n wá wo àwọn ọmọ níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Má kó èyí tó ti pé nìkan síta fún wọn. Jẹ́ kí ọmọ kan dìde, kó ṣàlàyé ohun tí kò tíì ṣiṣẹ́, àti ohun tí wọ́n fẹ́ dán wò. Ọ̀gá ilé ìwé tó bá gbọ́ irú àlàyé bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọmọ tó ti ń ṣojo nínú kíláàsì, bí kò bá jẹ́ òkúta, ọkàn rẹ̀ á yí.

Ohun kan tún wà tí n kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Nuhu nìkan ló ń di sukudiráfà mú. Ìwọ àti Ene, ẹ̀ ń kun páálí, ẹ̀ ń kọ orúkọ sí i. Ìwọ lo sọ ọ́ fún mi, o kò tiẹ̀ rí i pé nǹkan kan ṣe é. Tíṣà Dáúdà ló rí i. Ó ní, “Nuhu, lónìí ìwọ lo máa kun páálí. Àjọkẹ́, gba sukudiráfà.” Nuhu bínú, ṣùgbọ́n ọmọ náà wá mọ àwọ̀ kùn ju gbogbo yín lọ. Máa yí iṣẹ́ ká láàárín àwọn ọmọ rẹ. Ọwọ́ tí kò bá di nǹkan mú rí, kì í mọ̀ pé òun lágbára.

Ẹ̀kẹta, jẹun. O ti rù. Bàbá rẹ náà sọ bẹ́ẹ̀. Má fi omi ọ̀rá àti bisikíìtì ṣe oúnjẹ ọ̀sán, má sì jẹ́ kí ìrun bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ torí wáyà.

Ní ti Èkó, n kò ní kí o má lọ. Ayé rẹ ni. Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ náà lo fẹ́, lọ, èmi ni n ó di ẹrù rẹ. Ṣùgbọ́n má ṣe bá omijé lọ. Ẹni tó bá bínú kúrò níbì kan, inú tó bí i náà ló máa bá a ṣílé.

Wàyí o, mo ti dé ibi tí mo ń bọ̀. Mo bẹ̀ ọ́, má bínú sí mi. Mo lọ sí Mpape.

N kò dédé lọ. Aṣọ kan wà tí mo fẹ́ fún Ìyá Sádíà, oníbàárà mi tó ń gbé lórí òkè níbẹ̀. Nígbà tí mo fún un tán, mo bi í bó bá mọ ìyá àgbà kan tó ń ta kúnú lójú ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, tó ní ọmọ-ọmọ kan tó ń jẹ́ Hauwa. Ó ní ta ni kò mọ Kaka! Bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pe ìyá àgbà náà nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló mú mi lọ. Eruku òkúta funfun bo ewé, ó bo òrùlé, ó bo gèlè mi. A bá ìyá náà lórí àpótí lábẹ́ igi, ìkòkò kúnú níwájú wọn, wọ́n ń fi ọwọ́ ra orúnkún.

Mo kí wọn, “Sànnu, Kaka.”

“Yauwa, sànnu.”

Mo fi Haúsá ọjà tí mo gbọ́ sọ ẹni tí mo jẹ́ fún wọn, pé ọmọ mi ni tíṣà tó ń kọ́ Hauwa ní ẹ̀rọ. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní, “Ṣé ẹ wá bá mi jà ni?” Mo ní rárá o, kúnú ni mo wá rà. Mo rà á, mo jókòó, mo mu ún. Ó dùn. Mo tún rà.

Nígbà tí ara wọn balẹ̀, mo bi wọ́n pé kí ni ẹ̀rọ náà ṣe fún wọn. Wọ́n ní, “Ẹ̀rọ kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ọjọ́rú ni àwọn ọkọ̀ akẹ́rù máa ń tò wá kó òkúta. Ọjọ́ yẹn ni kúnú ń tà. Orúnkún mi kò gbà mí láyè kí n máa gbé e tọ àwọn awakọ̀ lọ. Hauwa ló ń gbé e. Ọjọ́rú náà ni tíṣà yín ń dá a dúró.”

Àjọkẹ́, mo fẹ́ ké. Ìwọ ti rò pé ìyá náà kórìíra kí ọmọbìnrin mọ ẹ̀rọ. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, mo ti to ọ̀rọ̀ tí n ó fi bá wọn jiyàn láti Jikwoyi. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọjọ́ kan péré lọ́sẹ̀ ni gbogbo ìjà yìí! Ẹ̀kẹrin tí n ó bá ọ sọ nìyí, n kò sì ní ṣàlàyé rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: máa lọ sílé àwọn ọmọ rẹ. Máa jókòó. Máa mu kúnú wọn.

Mo bi Kaka bó bá jẹ́ Ọjọ́bọ̀ ńkọ́. Wọ́n ní Ọjọ́bọ̀ kò ní wàhálà, kò sọ́kọ̀ tó ń wá. Mo ní n kò lè ṣèlérí lórúkọ rẹ, pé n ó kọ̀wé sí ọ. Ìwé náà nìyí. Jọ̀wọ́, yí ọjọ́ náà padà.

Hauwa ti ibi omi dé bí a ti ń sọ̀rọ̀ lọ, garawa lórí. Nígbà tó gbọ́ pé ìyá rẹ ni mí, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó ń bi mí léraléra pé ṣé tíṣà ò tíì fún ẹlòmíì ní àga òun? Mo ní àga rẹ̀ ṣì wà. Ó wá sá wọlé, ó gbé ìdérí ike kan jáde tó so wáyà mọ́, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ṣàpèjúwe fún mi bí yóò ṣe máa ké nígbà tí omi bá fẹ́ kún àgbá. Mo wo Kaka. Wọ́n ṣe bí ẹni tó ń ro kúnú, ṣùgbọ́n etí wọn wà lọ́dọ̀ wa.

Wọ́n ní, “Kai! Ó ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí. Bí omi bá kún, ṣé n kò ní rí i ni?”

Mo ní, “Kaka, ẹ wá wò ó nílé ìwé. Bí ọmọ mi bá ti yí ọjọ́ náà sí Ọjọ́bọ̀, ẹ wá.”

“Bí kò bá wá ké ńkọ́? Ẹ̀rín ni n ó rín o.”

“Ẹ rín in, Kaka. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rẹ́rìn-ín tán, ẹ bi Hauwa pé kí ló dé tí kò fi ké.”

Wọ́n wo ọmọ náà, tó ti kúnlẹ̀ sínú eruku, tó ń tún wáyà so. Wọ́n wá bu kúnú sínú ife, wọ́n nà án sí i.

Wọ́n ní, “To, ó dáa. N ó bi í.”

Èmi ni,
ìyá tó ń fi ọ́ yangàn ní gbogbo Jikwoyi.